Ìnàkí Tó Ń Pa Ẹkùrọ́: Ta Ló Kọ́ Ọ Níṣẹ́?

Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ẹkùrọ́ pípa lọ́wọ́ àwọn obìnrin níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n láti Èjìgbò dé Másífà, títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó ṣòro kéèyàn rí ìyá àgbà kan tó máa sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Òkúta ńlá kan nílẹ̀, òkúta kékeré lọ́wọ́, ẹkùrọ́ kan láàárín. Kì í ṣe iṣẹ́ agbára rárá, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí wọ́n bá lù ú le jù, ọmọ inú rẹ̀ á rún wómúwómú, ó di ti adìẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì rọra lù ú jù, ẹkùrọ́ á ta sọnù sínú iyanrìn. Ọmọdé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àtàǹpàkò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ ìyà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Èjìgbò báyìí, ká kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ká kọjá Kútọnu, ká kọjá Lọmé, ká kọjá Accra, ká dé Àbíjàn tí àwọn ará Èjìgbò mọ̀ bí ẹni mowó. Ká má dúró níbẹ̀ o. Ká tún máa lọ títí a ó fi dé orílẹ̀-èdè Gínì, lẹ́bàá òkè ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Nimba. Abúlé kan wà níbẹ̀, Bossou lorúkọ rẹ̀. Nínú igbó tó wà lórí òkè kékeré ẹ̀yìn abúlé yẹn, àwọn kan wà tí wọ́n ń pa ẹkùrọ́ bákan náà gẹ́lẹ́: òkúta nílẹ̀, òkúta lọ́wọ́, ẹkùrọ́ láàárín. Wọn kò wọ bùbá, wọn kò wé gèlè. Ìnàkí ni wọ́n.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èyí kì í ṣe àlọ́ ìjàpá. Ọdún 1976 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Yukimaru Sugiyama, dé Bossou láti máa wo àwọn ìnàkí wọ̀nyí. Nígbà tó di 1988, ará Japan mìíràn, Tetsuro Matsuzawa, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wá ojú kan nínú igbó náà, wọ́n kó òkúta jọ síbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n da ẹkùrọ́ sílẹ̀, wọ́n wá fi koríko ṣe ìbòjú, wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Àwọn ìnàkí dé, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fídíò ọdún pípẹ́ ló ti jáde látibẹ̀.

Ohun tí fídíò yẹn fi hàn pọ̀. Ìnàkí tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, òsì ni yóò máa fi lu ẹkùrọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí òkúta ìsàlẹ̀ bá ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, ìgbà mìíràn wà tí ìnàkí máa wá òkúta kẹta, tí á fi há a lábẹ́ kó lè dúró dáadáa. Àwọn bírìkìlà wa náà mọ ọgbọ́n yẹn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọdẹ Bossou kò tíì fi ìnàkí wọ̀nyí se ọbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Èèwọ̀ ni. Àwọn Manon ló ni abúlé náà, wọ́n sì gbà pé inú ìnàkí ni àwọn baba ńlá àwọn wà. Bí ọlọ́mọ ìbejì nílẹ̀ Yorùbá kò ṣe gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹran ẹdun, bẹ́ẹ̀ náà ni ìnàkí rí lọ́dọ̀ wọn. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ń jẹ gbèsè ọpẹ́ fún èèwọ̀ náà, nítorí ká ní kò sí i ni, kámẹ́rà ì bá má rí nǹkan kan yà.

ÀMÚTỌ̀RUNWÁ ÀBÍ Ẹ̀KỌ́?

Ibí gan-an ni àríyànjiyàn wà. Bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nídìí ayò, ẹnìkan kò ní ṣàìsọ pé, “Kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ta ló kọ́ aláǹtakùn ní òwú ríran?”

Ìbéèrè gidi ni. Aláǹtakùn kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ aláǹtakùn tí kò rí ìyá rẹ̀ rí yóò ta okùn rẹ̀ láìṣì í. Èyí ni àmútọ̀runwá, ara ló ń pa á láṣẹ. Ohun tó dára ni, nítorí pé kò gba àkókò, kò sì sí ẹni tó lè gbàgbé rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í tètè yí padà. Bí ayé bá yí, tí ohun tí baba ńlá rẹ̀ ń ṣe kò wúlò mọ́, ẹranko bẹ́ẹ̀ yóò ṣì máa ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi èpè dè ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹranko kọ́ ni aláǹtakùn. Ẹ wo ẹyẹ ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ, tó ń fa imọ̀ ya wéléwélé títí ọ̀pẹ á fi dà bí ẹni tí wọ́n fárí fún. Akọ ló ń hun ilé. Abo á wá wò ó, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ń lọ nìyẹn, ọkọ ìyàwó á tú ilé palẹ̀, á tún òmíràn hun. Nicholas Collias àti ìyàwó rẹ̀ Elsie, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ẹyẹ yìí. Wọ́n mú ọmọ ẹ̀gà, wọn kò jẹ́ kó rí koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ fi ṣeré títí ó fi dàgbà. Ìgbà tí wọ́n wá kó imọ̀ fún un, ìfẹ́ ilé híhun wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dán. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà ti ọ̀run wá, ọwọ́ iṣẹ́ ni kò bá a wá.

Ti ìnàkí wá jìnnà ju èyí lọ. Ọmọ ìnàkí Bossou máa ń jókòó ti ìyá rẹ̀ bí ó bá ń pa ẹkùrọ́, ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ọmọ á na ọwọ́, á jí ọmọ inú ẹkùrọ́ tí ìyá pa, á jẹ ẹ́. Ìyá kò bínú. Bó bá tó ọmọ ọdún kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ṣeré. Á gbé òkúta lé òkúta, kò ní sí ẹkùrọ́ níbẹ̀. Á gbé ẹkùrọ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ lásán gbá a. Á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọdún á máa yí lu ọdún, kò ní rí ẹyọ kan pa. Àárín ọmọ ọdún 3 sí 5 ló máa tó wọ̀ ọ́ lára, tí òkúta, ẹkùrọ́ àti ọwọ́ á wá bára mu, kùọ́! ẹkùrọ́ là.

Bí ìnàkí bá wá jẹ́ kí ìgbà yẹn kọjá ńkọ́? Bó bá ti lé ní ọmọ ọdún 6 tàbí 7 tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ó parí nìyẹn, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé. Àgbàlagbà ìnàkí wà ní Bossou tí kò lè pa ẹkùrọ́ kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé kó máa wo ti ẹlòmíràn ni tirẹ̀.

Matsuzawa sọ pé bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Ìyá ìnàkí kì í na ọmọ, kì í bú u, kì í lé e kúrò nídìí iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n máa ń fi sípánà kan lórí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó fi ibi tí bóòtù wà hàn án. Ẹ gbọ́ o.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé àmútọ̀runwá ni, kó wá gbọ́ èyí. Ibì kan wà lára òkè Nimba tí wọ́n ń pè ní Seringbara, kò ju kìlómítà 6 sí Bossou lọ. Ìnàkí wà níbẹ̀, irú kan náà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Kathelijne Koops àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òkúta àti ẹkùrọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ. Wọ́n tún gbé ẹyìn, wọ́n tún gbé èso líle mìíràn tí ìnàkí ibòmíràn fẹ́ràn láti pa. Àwọn ìnàkí dé, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n kọjá lọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fi òkúta lu nǹkan kan. Ọdún 2022 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Òkúta wà, ẹkùrọ́ wà, ọpọlọ wà, ọwọ́ wà. Ẹni tí wọ́n máa wò ṣe ni kò sí.

ÌYÀWÓ TÓ TI ÌLÚ ÒKÈÈRÈ WÁ

Láàárín ìnàkí, ọmọkùnrin kì í kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin ló máa ń lọ bó bá ti dàgbà, á wọ igbó ẹgbẹ́ mìíràn, á dúró síbẹ̀, á bímọ síbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ni.

Obìnrin kan wà ní Bossou tí wọ́n ń pè ní Yo. Ẹkùrọ́ nìkan ni wọ́n ń pa ní Bossou. Ní 1993, Matsuzawa gbé èso kan tí kò hù ní igbó Bossou wá, èso koula, tó tóbi ju ẹkùrọ́ lọ, tí èèpo rẹ̀ sì le. Àwọn tó kù gbé e, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, àwọn kan tiẹ̀ bù ú jẹ, kò ṣeé jẹ. Yo ní tirẹ̀ kò wo ọ̀tún wo òsì, ó gbé e sórí òkúta, ó fọ́ ọ, ó jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ọlọ́rọ̀! Níbo ló ti mọ̀ ọ́n? Èrò àwọn olùwádìí ni pé abúlé ìnàkí mìíràn ló ti wá, bóyá láti ìsàlẹ̀ òkè Nimba ní apá Côte d'Ivoire, níbi tí koula ti ń hù, àti pé láti kékeré ló ti mọ iṣẹ́ náà kó tó wá ṣe ìyàwó ní Bossou. Àwọn ọmọdé pé lé e lórí, wọ́n ń wò ó. Àwọn àgbààgbà kò fi bẹ́ẹ̀ wo ọmọdé ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọdé ń wo àgbà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kan náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ koula.

Èjìgbò mọ irú ìtàn yìí dáadáa. Agbo ilé wo ni kò ní ọmọ ní Àbíjàn? Mọ́tò ń gbéra láti Èjìgbò lọ síbẹ̀ tààrà. Ọmọ á lọ láìgbọ́ Faransé kankan, á dé ọ̀dọ̀ ìbátan, á máa tẹ̀lé e lọ sọ́jà, á máa gbẹ́rù, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, títí òun náà á fi dá dúró. Nígbà tó bá wá délé lọ́dún, Faransé tó ń sọ lẹ́nu, oúnjẹ tó ń sè, aṣọ tó wọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti yàtọ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti nígbà wàhálà ìdìbò 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ wọn sá wálé, Faransé wọn bá wọn wálé, kò sá sẹ́yìn.

Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, igbó ńlá kan wà ní ìwọ̀-oòrùn tó ń jẹ́ Taï. Christophe Boesch, ará Switzerland, àti ìyàwó rẹ̀ Hedwige bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìnàkí ibẹ̀ ní 1979. Koula ni àwọn ti ibẹ̀ ń fọ́ jù. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ débi pé nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ igbó Taï, wọ́n rí òkúta tí ìnàkí fi fọ́ èso ní nǹkan bí 4,300 ọdún sẹ́yìn. Ìlú wo ló wà nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà?

Ẹgbẹ́ ìnàkí mẹ́ta ló múlé gbera níbẹ̀, wọ́n jọ ń pààlà ni. Nígbà tí koula bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó le, gbogbo wọn ló ń fi òkúta fọ́ ọ. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ó ń gbẹ, ó ń rọrùn láti fọ́, ẹgbẹ́ méjì á ju òkúta sílẹ̀, wọ́n á máa fi igi, torí igi ló wà káàkiri nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta, ti apá gúúsù, kò ní gbà. Òkúta ni wọ́n máa lò títí àkókò koula á fi parí. Igbó kan náà, èso kan náà. Lydia Luncz àti Boesch ló gbé èyí jáde ní 2012. Èyí tó wá dùn jù níbẹ̀ ni pé obìnrin láti ẹgbẹ́ kan ń lọ sí òmíràn nígbà gbogbo, síbẹ̀ àṣà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò dàrú. Ìyàwó tó wọlé, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó nílé tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ọkọ ló máa ṣe é.

Ó jọ pé ọ̀bọ náà mọ èyí. Ní South Africa, Erica van de Waal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa àgbàdo láró, òmíràn búlúù, òmíràn píǹkì. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀bọ kan, wọ́n fi oje kíkorò sí búlúù; ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì, píǹkì ni wọ́n fi í sí. Oníkálukú mọ èyí tí wọn kì í jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ìkorò kúrò nínú méjèèjì. Àwọn ọ̀bọ kò yẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà, tí ẹnu wọn kò kan ìkorò rí, ti ìyá wọn ni wọ́n ń jẹ. Láàárín ọ̀bọ, ọkùnrin ló máa ń lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn ọkùnrin tó ti ilé búlúù lọ sí ilé píǹkì, àfi bí ẹni wọ mọ́tò Àbíjàn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló yí padà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ohun tí onílé ń jẹ. Ọdún 2013 ni ìwé wọn jáde.

Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Àjèjì kò mọ èwo ló ní májèlé ní ilẹ̀ tuntun. Onílé ló mọ̀. Ẹranko tó bá ń wo onílé yóò pẹ́ láyé ju èyí tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dán gbogbo nǹkan wò, ọmọ rẹ̀ á pọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á pọ̀. Bí ẹ̀kọ́ kíkọ́ ṣe di ohun tó wà lára ẹranko nìyẹn, láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n níbi tí nǹkan kò bá ti í yí padà rárá, ẹ̀kọ́ á kàn jẹ́ ìfàkókòṣòfò ni. Ẹ jẹ́ kí aláǹtakùn máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní Taï yìí náà ni Boesch ti rí ohun kan tí wọn kì í sábà rí. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ricci wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Nina. Ọmọ ọdún 5 ni Nina, ó ń lu koula títí, igi tó fi ń lù ú kò gún régé, ó ń yí i sókè sódò, ó yí ara rẹ̀ náà, kò rí i ṣe. Ricci wá, Nina gbé igi náà fún un. Ìyá wá rọra yí igi náà, jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́, ó lo odindi ìṣẹ́jú kan lórí ohun tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, bí ẹni ń sọ pé “wò ó dáadáa.” Ó fọ́ mélòó kan, ọmọ bá a jẹ níbẹ̀, ó kúrò. Nina gbé igi, bí ìyá rẹ̀ ṣe dì í mú ló ṣe dì í mú, ó sì fọ́ tirẹ̀. Àwọn onísáyẹ́ǹsì kan ní èyí kò tó láti pè ní ìkọ́ni, nítorí pé kò ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ. Kí wọ́n máa bá a jiyàn. Ìyá tó bá kà á mọ ohun tí Ricci ń ṣe.

ÀÁRÓ INÚ IGBÓ

Ìnàkí Taï tún ń ṣọdẹ. Ẹran tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ jù, àwọn ọlọ́mọ ìbejì ẹ jọ̀wọ́, ẹdun pupa ni. Ọ̀kan á máa lé ẹdun bọ̀ lórí igi, àwọn kan á dínà lọ́tùn-ún lósì, àgbà kan á ti lọ gun igi tó wà níwájú, á lúgọ, á máa dúró dè é. Boesch ní ẹni tó máa lúgọ yẹn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹdun máa gbà kí ẹdun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, ó sì lè gba ìnàkí ní 20 ọdún kó tó di ògbóǹtarìgì nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á tán, ẹran pínpín kù. Ẹni tó bá wọn ṣọdẹ á rí tirẹ̀ gbà, kódà bí kì í bá ṣe òun ló mú ẹran. Ẹni tó kàn dé nígbà tí ẹran ti balẹ̀, bó ṣe wù kó tóbi tó, tirẹ̀ á kéré.

Àwọn olùwádìí mìíràn kò gbà pé wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Wọ́n ní oníkálukú ń sáré fún ikùn ara rẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kì í bá sí pínpín lẹ́yìn, ta ló máa padà wá lọ́la láti dínà fún ẹlòmíràn?

Ọ̀rọ̀ àáró ni gbogbo rẹ̀. Àgbẹ̀ Èjìgbò tó bá lọ bá ẹlòmíràn kọ ebè lónìí mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n máa wá kọ tòun. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, wọn kò ní pè é mọ́. Àdán kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù lóru, bí kò bá sì rí ẹ̀jẹ̀ mu fún òru méjì sí mẹ́ta, ikú ni. Gerald Wilkinson rí i ní Costa Rica, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1984, pé àdán tó yó máa ń pọ ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu èyí tí ebi ń pa, kì í sì í ṣe fún ìbátan rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe fún ẹni tó bá ti ṣe é fún òun rí pẹ̀lú. Àáró ṣáá ni. Bí èèyàn bá fẹ́, kó pè é ní ẹ̀súsú ẹ̀jẹ̀.

Ti odídẹrẹ́ tún wà níbẹ̀, àwọn ará Ìwó aládùúgbò wa ló sì yẹ kó dùn mọ́ jù, torí ẹyẹ wọn ni. Ní 2020, Désirée Brucks àti Auguste von Bayern kọ́ odídẹrẹ́ pé bí wọ́n bá fi irin róbótó kan fún èèyàn, wọ́n á fi ẹ̀pà líle kan san án fún wọn. Wọ́n wá fi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ihò kékeré láàárín. Ọ̀kan ní irin, kò ní ibi tó lè ti ná an. Èkejì ní ibi tó lè ti ná an, kò ní irin. Méje nínú mẹ́jọ ló kó irin gba inú ihò fún ẹnìkejì, tí ẹnìkejì sì ń jẹun níṣojú wọn, tí wọn kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Odídẹrẹ́ tó wà nínú àgò ní pálọ̀ ẹnìkan, tó ń kí àlejò, tó ń bú ọmọ ọ̀dọ̀, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí ni, ló fi ń kọ́ ti èèyàn. Wọ́n ti kó wọn nínú igbó títí tí gbogbo ayé fi ní láti pàṣẹ ní 2016 pé kí ẹnikẹ́ni má tà wọ́n láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ìnàkí ń lọ. Ní òpin 2003, àrùn ọ̀fìnkìn líle kan wọ Bossou. Ẹgbẹ́ tí kò ju nǹkan bí 20 lọ, àrùn náà pa 5 nínú wọn. Méjì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn ìyá wọn kò sọ òkú wọn nù. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ kiri fún ọjọ́ 19, èkejì fún ọjọ́ 68, tí òkú ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣì ń lé eṣinṣin kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó fi di 2020 sí i, ẹgbẹ́ Bossou kò pé 10 mọ́. Ní Taï, àrùn Ebola pa púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí Boesch ń wò ní 1994, àwọn ọdẹ aláìníèèwọ̀ sì pa òmíràn.

Ikú ìnàkí kan sì kọjá ikú ẹran. Ní 2019, Hjalmar Kühl àti ọ̀pọ̀ olùwádìí kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹgbẹ́ ìnàkí 144 àti àṣà 31 jọ. Wọ́n rí i pé níbi tí ọwọ́ èèyàn bá ti pọ̀ jù nínú igbó, ìrètí láti bá àṣà bẹ́ẹ̀ pàdé dín kù ní 88 nínú 100. Ìnàkí lè ṣẹ́kù síbẹ̀ o. Ẹkùrọ́ lè wà nílẹ̀. Àgbà tí ọmọdé máa wò ni ìbọn ti gbé lọ.

Ká má sì rò pé ilé onílé nìkan ni ìnàkí wà. Ilẹ̀ Yorùbá ní tirẹ̀, nínú igbó Ọmọ, igbó Olúwa, igbó Ìdànrè àti ti Ìṣẹ̀ Èkìtì. Elizabeth Greengrass rin àwọn igbó wọ̀nyí, ó sì kọ ọ́ ní 2009 pé ìnàkí apá ibí yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Agégedú wà nínú igbó yẹn, oníkòkó wà níbẹ̀, ọdẹ wà níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ sì ń wọ ọjà. Àwọn Manon fi èèwọ̀ ṣọ́ tiwọn. Àwa ní òfin ìjọba, ìgbà tí ọdẹ bá sì ti wọ igbó lóru, òfin wà nílé ó ń sùn.

Ìṣòro tí Bossou ní báyìí ju àìsàn lọ. Obìnrin tó dàgbà ń lọ, kò sí èyí tó ń wọlé. Láàárín òkè wọn àti òkè Nimba, pápá koríko ló wà níbẹ̀, ìnàkí kò sì fẹ́ràn kó máa rìn ní gbangba níbi tí kò sí igi tó lè sá gùn. Láti 1997 ni àwọn ará Japan àti àwọn ará abúlé ti ń gbin igi sí pápá náà, ní ìlà kan gbọọrọ, kí igbó kan lè kan èkejì. Iná ọ̀dàn ti jó lára rẹ̀, wọ́n tún un gbìn. Oòrùn pa òmíràn, wọ́n kọ́ àtíbàbà kéékèèké lé orí rẹ̀, wọ́n tún un gbìn. Obìnrin kan bíi Yo ni wọ́n ń gbìn ín dè, kó ti Nimba wá, kó gba abẹ́ igi rìn wọ Bossou pẹ̀lú ohun tó kọ́ nílé ìyá rẹ̀.